Ìwé Ìfẹ̀yìntì tí Wọ́n Kọ sí Ìrókò

Ẹjọ́ kan ya wọ ààfin Baálẹ̀ wa ní Upenmen lánàá, ẹ ò gbọ́ irú ẹ̀ rí: wọ́n fẹ́ lé igi lẹ́nu iṣẹ́!

Christopher tó ń tọ́jú ọgbà igi ìbílẹ̀ ló pe Jemimah, akọ̀wé ọgbà, lẹ́jọ́. Kò tíì dọ̀bálẹ̀ tán tó ti figbe ta:

"Bàbá, ẹ gbà mí! Mo débi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, mo bá Dominic agégi pẹ̀lú ẹ̀rọ nídìí ìrókò wa. Ó ní ìrókò ti fẹ̀yìntì, kó kúrò nílẹ̀ ìjọba!"

Baálẹ̀ kọjú sí akọ̀wé. "Jemimah, ṣé orí ẹ pé?"

"Ó pé, Bàbá. Ìwé kan ṣoṣo la ní ní ọ́fíìsì. Akọ̀wé tó ṣáájú mi kọ òṣìṣẹ́ àti igi pọ̀ sínú ẹ̀. Ìrókò ni nọ́ńbà kìíní, èmi ni nọ́ńbà kejì. Ọdún mọ́kànlá rèé! Tí n bá ti béèrè ìgbéga, ọ̀gá á ṣíwèé, á ní, 'Ẹnì kan ṣì wà lókè ẹ.' Ẹnì kan! Bàbá, igi ni!"

"Kí ló dé tí o ò pa orúkọ ẹ̀ rẹ́?"

"Wọ́n ní àfi tó bá kú tàbí tó fẹ̀yìntì. Kò sì kú, ni mo bá kọ létà ìfẹ̀yìntì sí i."

"Ṣé ó gba létà?"

Sùlè tó ń ṣọ́ géètì nàró. "Ó gbà á, Bàbá! Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Ó dákẹ́. Ẹni tó dákẹ́ ti gbà nìyẹn."

"Irọ́!" Dominic fò sókè. "Ilẹ̀ ni mo ti bá létà. Ó jù ú nù ni!"

"Atẹ́gùn ni!"

"Atẹ́gùn bàbá ta?"

Baálẹ̀ nà wọ́n ní ìrùkẹ̀rẹ̀. "Jemimah, ọdún mélòó lèèyàn fi ń fẹ̀yìntì?"

"Ọgọ́ta, Bàbá. Ó ti pọ̀ jù, kó lọ sinmi."

Gbogbo wa yíjú sí Baálẹ̀. Baálẹ̀ wa ti pé ọgọ́rin ó lé mẹ́ta. Olóyè Akínfẹ́mi, igbákejì ẹ̀, wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Baálẹ̀ wò ó títí ẹ̀rín fi gbẹ lẹ́nu ẹ̀. Ó wá dájọ́:

"Ìrókò ò lọ síbì kankan! Ẹni tó bá ní ó ti dàgbà, kó lọ pe ìyá ìrókò wá jẹ́rìí ọjọ́ tó bí i. Dominic, gbé ẹ̀rọ ẹ lọlé. Christopher, wá àkàbà, kó o so tábìlì Jemimah mọ́ ẹ̀ka tó ga jù. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì ẹ̀ láti ọ̀la."

"Háà, Bàbá! Ṣé ìgbéga nìyẹn?"

"Ta ló máa wà lókè ẹ mọ́?"

Jemimah ronú sí i. "Kò sí, Bàbá."

"Ó yá, kí ọ̀gá ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

A ti ń túká nígbà tí Baálẹ̀ fọwọ́ pe Jemimah padà, ó rẹhùn sílẹ̀:

"Ìgbà tí mo fún yín nílẹ̀ ọgbà yẹn, ṣé ẹ kọ ọjọ́ orí mi sínú fáìlì?"

"A kọ ọ́, Bàbá."

"Sáré lọ gbé e wá. Kó o ra ìṣáná bọ̀ lọ́nà."