Gílóòbù tí Abọ́sẹ̀dé Rà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹ ti bi ara yín rí níbi tí àwọn àgbà ti mú òwe yìí wá pé, "Iná tó mọ́lẹ̀ ju ọ̀nà lọ, inú igbó ló ń múni lọ"? Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ Abọ́sẹ̀dé ará Ẹ̀fọ̀n ni.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Àgbà, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nínú ìdílé wọn, ẹni tó dàgbà jù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọmọ tuntun lórúkọ, kí oòrùn sì tó yọ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọbìnrin Abọ́sẹ̀dé ti bímọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mọ́tò Abọ́sẹ̀dé sì kú sọ́nà. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tán kí Màmá Àgbà tó dé. Èyí dun arúgbó náà wọra.

Nígbà tí ọmọ kẹta dé, Abọ́sẹ̀dé lọ bá a: "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, ẹ ó débẹ̀ lásìkò, Màmá. Mo fi Ọlọ́run ṣèlérí."

"Yọ Ọlọ́run kúrò níbẹ̀, ìyàwó. Òun kọ́ ló ń wa mọ́tò."

Ó ku ọ̀la kí ọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ ni gílóòbù iná iwájú méjèèjì bá jó. Aríyíbí, réwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ládùúgbò, yọ wọn, ó kó wọn lé Abọ́sẹ̀dé lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ fi tuntun wé èyí o. Eyín ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo bó ṣe ń tàn."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

Kò gbọ́ nǹkan kan. Orí àga ló gbàgbé gílóòbù àtijọ́ sí. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ń tan gílóòbù lórí bátìrì fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí inú ẹyin. Ìkejì mọ́ díẹ̀. Nígbà tó tan ìkẹta, Abọ́sẹ̀dé fọwọ́ bojú.

"Ìyẹn! Ìyẹn ni mo fẹ́!"

"Màmá, irú mọ́tò wo lẹ ní?"

"Èyí tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ni."

Aríyíbí yí gílóòbù náà títí, kò wọlé. "Màmá, ihò eyín mẹ́ta la ní, eléyín méjì lẹ rà."

"Fi wáyà so ó."

"Òkè ni yóò máa wò o."

"Kò burú. Òkè náà ló yẹ kí Kristẹni máa wò."

Ìdájí ọjọ́ kejì, Abọ́sẹ̀dé gbé Màmá Àgbà jókòó síwájú nínú mọ́tò, ó tanná. Iná kan lọ sórí ọ̀pẹ, àwọn ẹyẹ ẹ̀ga sì fò yọ pẹ̀lú ariwo. Èkejì gba ojú fèrèsé wọ yàrá Dáyákònì Ọmọ́tọ́sọ̀ọ́ lódìkejì. Ó mọ́ bí ọ̀sán gangan. Ni wọ́n bá gbọ́ tí Dáyákònì kígbe:

"Ẹ ti dé, Olúwa! Ẹ dárí jì mí! Èmi ni mo kó iṣu ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tó sọnù! Ìyàwó mi kò mọ̀ sí i, ó kàn gún un ni!"

Abọ́sẹ̀dé wúkọ́. "Dáyákònì, èmi ni o."

Fèrèsé pa dé gbàgà.

Bí wọ́n ṣe dé àárín òkè lọ́nà Òkè-Ìmẹ̀sí, kùrukùru bo gbogbo ọ̀nà. Iná ńlá lu kùrukùru, ó ta padà sójú wọn bí aṣọ funfun tí wọ́n sá síwájú mọ́tò.

"Ìyàwó, ṣé o ríran?"

"Ọlọ́run ń ríran, Màmá."

"Mo mọ ìyẹn. Ìwọ ni mo ń bi."

Ọ̀nà yà sọ́tùn-ún. Iná kò yà. Iná ni Abọ́sẹ̀dé sì tẹ̀lé. Gbì, gbà, wọ̀ọ̀! Nígbà tí mọ́tò máa dúró, àárín oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n wà, ewé bo gíláàsì pátápátá.

Màmá Àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé ibí ni wọ́n ti fẹ́ sọ ọmọ náà lórúkọ?"

Abọ́sẹ̀dé wo ojú ọ̀run. Ìlú ti sún mọ́, àmọ́ ojúmọ́ ti ń mọ́. Ó ronú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

"Màmá, ẹ gùn mí lẹ́yìn."

"Èmi? Ṣé orí rẹ pé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Oòrùn ń bọ̀."

Ó tú ìpèlé rẹ̀, ó fi pọn ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ gun òkè. Ẹni tó wà lẹ́yìn sì ń darí rẹ̀: "Yà díẹ̀. Kòtò wà níwájú. Rọra, egungun mi nìyẹn!" Ibẹ̀ gan-an ni Màmá Àgbà ti mí kanlẹ̀, tó ní, "Ìyàwó, iná tó mọ́lẹ̀ ju ọ̀nà lọ, inú igbó ló ń múni lọ."

Àwọn tó ń lọ sóko gbọ́ ọ, wọ́n rí mọ́tò tó ń tanná yòò sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì gbé òwe náà wọlé. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń wá ohun tó ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ, òun ni wọ́n ń pa á fún: iná tó mọ́lẹ̀ ju ọ̀nà lọ, inú igbó ló ń múni lọ.

Ní ti Abọ́sẹ̀dé, ó ń mí hẹlẹ, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ wà lórí rẹ̀, ó gba àárín èrò wọ ilé ọmọbìnrin rẹ̀. Oòrùn kò tíì yọ. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni Màmá Àgbà ti na ọwọ́ bọ inú abọ́ omi, tó sì kọ́kọ́ sọ ọmọ náà lórúkọ.