Orin Tí Yóò Pe Ọkọ̀ Wálé

Kí Moríkẹ́ tó mọ orúkọ ara rẹ̀ ló ti mọ ìró garawa. Gbàn, gbàn, gbàn! Bí kùrukùru bá ti bo omi, ìyá rẹ̀ á dúró sétí òkun Awoye, á máa lu garawa kí bàbá rẹ̀ lè mọ ibi tí ẹnu odò wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Moríkẹ́ fúnra rẹ̀ ti di Ìyá Jọọlá, ọkọ tirẹ̀ ló sì wà lójú omi. Kùrukùru nípọn débi pé ẹnikẹ́ni kò rí iná gáàsì àwọn tó ń wa epo rọ̀bì, èyí tí kì í kú tọ̀sán tòru. Ó lu garawa lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí iyọ̀ òkun ti jẹ já bọ́ sómi. Ló bá sáré gba orí afárá pákó lọ gbá ilẹ̀kùn ayálégbé rẹ̀, Ọlárìndé, tíṣà tí ìjọba gbé wá láti Ìbàdàn.

"Tíṣà! Gbé rédíò rẹ, ká lọ sétí òkun! Bàbá Jọọlá wà nínú kùrukùru, garawa mi sì ti kú."

Ọlárìndé gbé rédíò jáde bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo ní, ṣùgbọ́n ọba kásẹ́ẹ̀tì ni. Òyìnbó mẹ́rin ló kọ ọ́."

"Ṣé ó ń pariwo?"

"Ẹ má pè é ní ariwo, Ìyá. Iṣẹ́ ọnà ni."

"Bí kì í bá ṣe ariwo, gbé e padà sílé, kí n lọ yá ìkòkò Fẹ́yìsetán aládùúgbò wa lù."

"Ó ń pariwo, Ìyá! Ó ń pariwo gan-an!"

Wọ́n gbé rédíò lé ìdí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọlárìndé tẹ̀ ẹ́. Gìtá bú ramúramù, gbogbo ẹyẹ tó ń ṣọ́ ẹja sísá fò lọ. Moríkẹ́ mi orí bí adájọ́.

"Èyí dáa. Ta ló ń lu irin yẹn?"

"Ìlù ni, Ìyá."

"Ó mọṣẹ́. Aya apẹja ló bí i."

"Ẹ gbọ́ gìtá yìí ná! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ!"

"Òun gan-an ni mi ò fẹ́. Bí Bàbá Jọọlá bá tẹ̀ lé e, òun náà á ṣe kọ́lọkọ̀lọ wọ ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ọkọ̀. Ní kó dúró sójú kan."

"Ìyá, inú kásẹ́ẹ̀tì ló wà!"

"Ṣé kò létí níbẹ̀ ni?"

Orin parí. Etí òkun dákẹ́ rọ́rọ́. Moríkẹ́ ta gìrì.

"Kí ló dé? Ó kú?"

"Orin kìíní ló tán. Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ká lè ronú."

"Ronú! Ẹni tó wà nínú kùrukùru ni yóò máa ronú? Ọkọ mi á ní mo ti lọ sùn!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu. "Bàbá Jọọlá o! Ibí ni o!"

Orin kejì bú, Moríkẹ́ sì dá igbe dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é: bí òyìnbó bá dákẹ́, Moríkẹ́ a ké, bí òyìnbó bá ké, Moríkẹ́ a mí. Ṣùgbọ́n kò sí ìró ẹ́ńjìnì kankan. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí: ọkọ rẹ̀ ti pa ẹ́ńjìnì, ó ń tẹ́tí, kò sì tíì mọ ọ̀nà.

Orin kẹrin bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọkùnrin kan ń sunkún nínú rẹ̀.

"Èyí kọ́ ló yẹ fún òní," ni Moríkẹ́ wí. "Fo eléyìí."

"Haa, Ìyá! Òun ló dùn jù! Olólùfẹ́ rẹ̀ ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀."

"Ọkọ̀ rẹ̀ ló dojú dé. Mo mọ igbe ẹni tó ń rì. Fo ó, mo ní!"

Kí Ọlárìndé tó na ọwọ́, bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohùn olórin wúwo, ó falẹ̀, ó di ìkérora: "Ooo… uuu… ooo…"

Ọlárìndé di orí mú. "Wọ́n ti ba iṣẹ́ ọnà jẹ́!"

"Ó ti ń mu omi," ni Moríkẹ́ wí.

Àfi gbòòò! Ẹ́ńjìnì gbiná nínú kùrukùru. Ó ń bọ̀ tààrà, eré burúkú ló ń sá. Ọkọ̀ já gba ẹnu odò wọlé, Akínbọ̀dé, Bàbá Jọọlá fúnra rẹ̀, sì fò sílẹ̀ tòun ti okùn lọ́wọ́, ó ń pariwo pé níbo ni ẹni tó ń rì wà, kí wọ́n tètè fi hàn òun.

Moríkẹ́ nawọ́ sí rédíò. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó nù ún.

"Tíṣà, mo gbà fún ọ. Òun ló dùn jù."

Ọlárìndé lọ ra bátìrì ní ìsọ̀ Adétutù. Akínbọ̀dé jẹun tán, ó sùn. Moríkẹ́ nìkan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti igi tí ó fi ń hun àwọ̀n bọ ihò kásẹ́ẹ̀tì, ó ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ síbi tí ọkùnrin náà ti ń sunkún.

"Sinmi, ọmọ mi," ló wí fún un. "Lọ́la, o tún máa rì."