Ọgọ́rùn-ún Ọdún Ilé-Ìwé Wa

Bí ẹ bá pàdé ọ̀gá ilé-ìwé àdúgbò wa, ẹ má kàn kí i lásán. Ẹ fi oríkì kún un: Àparò-tó-gun-orí-ebè, Ọmọ-olùdásílẹ̀-bí-olùdásílẹ̀! Yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, kó tó sọ fún yín pé bàbá-bàbá òun ló dá ilé-ìwé náà sílẹ̀.

Irọ́ ni. Ilé-ìwé náà kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ṣọ́ọ̀kì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú gáréèjì, pẹ̀lú ọmọ mẹ́sàn-án àti bẹ́ǹṣì méjì. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó ní kí àbúrò òun bá òun mójú tó ọ́fíìsì. Àbúrò jókòó sórí àga, àga sì wọ̀ ọ́ lára.

Ìgbà tí wọ́n kó lọ sí ilé àtijọ́ kan tí wọ́n háyà ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọ̀gá rí òkúta kan lára ògiri ẹ̀yìn. Ó ka ILE IWE lára rẹ̀, pẹ̀lú déètì tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀gá lọgun. Kíá ló kun òkúta náà ní ọ̀dà funfun, ó fi ti wúrà tọ lẹ́tà rẹ̀, ó tẹ ìwé ìtàn ilé-ìwé jáde, ó sì pe àjọ̀dún.

Ìyá Ṣọ́ọ̀kì ka ìwé náà dópin. Kò rí orúkọ ara rẹ̀.

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wà lójú ìwé kẹrìnlá."

"'Obìnrin kan tó ń bá wa gbá kíláàsì.' Èmi nìyẹn?"

"Àgbà kì í wá orúkọ. Orúkọ ló ń wá àgbà."

Ó dun obìnrin náà wọra. Ó fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní á-bí-dí, ó wá di agbálẹ̀ nínú ìtàn ilé-ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, àwọn òbí kún àgbàlá bámúbámú. Ọ̀gá so táì pupa. Ó ti wá bàbá arúgbó kan rí, aránbàtà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti fi àwòrán òkúta náà hàn án, bàbá sì ní láti kékeré lòun ti ń wọ ibẹ̀. Kí la tún ń wá?

"Ẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tó dàgbà jù!" Ọ̀gá gbé makirofóònù sí bàbá lẹ́nu. "Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ lẹ ń wá síbí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, ọmọ mi. Sátidé-Sátidé."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ẹ ò rí i bí ọpọlọ wọn ṣe jí pépé! Kí ni wọ́n kọ́ yín?"

"Kí n máa fọ ẹ̀yìn etí."

"Ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó nìyẹn! Nígbà tẹ́ ẹ jáde ńkọ́, kí ni wọ́n fún yín?"

"Aṣọ ìnura."

Bàbá rọra rìn dé ìdí òkúta, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, ó sì fi ha ọ̀dà lábẹ́ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Àmì kékeré róbótó kan yọjú.

"Ta ló kun àmì ìsàlẹ̀ yìí pa? Ilé Ìwẹ̀ ni wọ́n kọ, ọmọ mi. Apá ọ̀tún lomi gbígbóná wà."

Ẹ̀rín bú. Àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

"Ọ̀gá, bàbá-bàbá yín ńkọ́?" ìyá ọmọ kan bi í. "Ṣé àwọn ló ń pọn omi ni?"

"Ta ló wá dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀ gan-an?" ẹlòmíì béèrè.

Ọ̀gá sún mọ́ Ìyá Ṣọ́ọ̀kì, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí." Ó gbàgbé pé makirofóònù ṣì wà lọ́wọ́ òun. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

"Gbé e wá," ni Ìyá Ṣọ́ọ̀kì wí. Ó gba makirofóònù, ó kọjú sí èrò. "Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá la pé."

Àtẹ́wọ́ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ èyí tó kù. Ọ̀gá wá ń fẹ̀gbẹ́ rìn lọ sẹ́nu géètì, àwọn òbí sì ń yẹ̀ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ níkọ̀ọ̀kan:

"Ẹ kú ìwẹ̀ o, sà!"