Bàálù Ogun Lórí Ẹ̀rọ Ìránṣọ Bàbá Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bó ti wù kí n dàgbà tó: ọjọ́ Sátidé tí mo gbé bàálù ogun bàbá mi lọ sí Abossey Okai, àdúgbò àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe ní Accra.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Ike ni bàálù ọ̀hún, kò gùn ju apá mi lọ. Télọ̀ ni bàbá mi ní Lagos Town, ní Accra kan náà, ṣùgbọ́n bí bàálù bá ti ń kọjá lókè, yóò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, yóò máa wò ó títí yóò fi wọnú ìkùukùu. Ó rí páálí bàálù yìí láàárín ẹrù àlòkù ní ọjà Odawna, gbogbo rẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá rà á ni yóò tò ó. Oṣù mẹ́rin ló fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti ẹ̀mú kékeré. Bó ṣe ń parí rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó pè mí.

"Ó ku ọ̀dà. Ìwọ ni kí o bá mi kùn ún. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni o, díẹ̀díẹ̀. Mi ò lè ṣe òmíràn mọ́."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá." Ẹnu mi dùn nígbà yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, mi ò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Ó wá ku ọ̀la kí bàbá mi pé àádọ́rin ọdún, ó sì ti sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo bàálù. Ni mo bá gbé e tọ Súlè lọ, ọmọ àdúgbò wa tó ń fín ọ̀dà sára mọ́tò ní Abossey Okai.

"Ẹ̀gbọ́n, chale, bọ́ńpà la máa ń fín níbí o. Tínà tí a fi po ọ̀dà yìí lágbára, ike yìí fẹ́lẹ́, ó lè mú un rọ̀."

"Ṣáà fín in!" Èmi akọ̀wé ọ́fíìsì tí kò kun ilẹ̀kùn rí, mo ń kọ́ oníṣẹ́ níṣẹ́.

Ó fín in, ó sì dán. Mo ní kó gbé e sóòrùn kó lè tètè gbẹ. Kí n tó mu omi ọ̀rá kan tán, apá ọ̀tún ti rọ̀, ó ń tẹ̀ sílẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa.

Mo gbé e wọ ọkọ̀ tròtrò relé. Bàbá mi ò sí nílé, mo sì rò pé omi gbígbóná yóò jẹ́ kí n na apá náà padà. Ọ̀dà bó, apá kán. Mo wá gúlúù àwọn oníbàtà. Ẹ̀kán kan tó, èmi da ìdajì rẹ̀ sí i. Apá náà lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka mi mẹ́ta bá a lẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí bàbá mi wọlé, òun àti Alájì ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó fẹ́ kọ́kọ́ wo bàálù ṣáájú àwọn tó kù. Mo fi ọwọ́ tòun ti bàálù pamọ́ sẹ́yìn, mo tẹ orí ba díẹ̀.

"Ṣé o ò rí Alájì ni?" ni bàbá mi wí.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ara mi ò dúró gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń wí. Mo mú ọwọ́ wá síwájú, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì gbọ́ "káú!" lábẹ́ àyà mi.

Alájì ń súre: "Wàá dàgbà, wàá dògbó, ọmọ á tọ́jú ìwọ náà."

"Ó tó, dìde," ni bàbá mi wí. Mi ò dìde. "Mo ní kí o dìde!"

Nígbà tí mo dìde, bàálù ń fì dirodiro lọ́wọ́ mi.

Kò bá mi wí. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló fi bu omi ọṣẹ, tó fi tú ìka mi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí ju kó gbá mi létí lọ. Ó wá fi àtàńpàkò tọ ara bàálù náà.

"Wò ó," ó ní. "Ibi tí mo lẹ̀ ò ṣí."

Ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò bi í pé kí ló ṣe bàálù. Ó ní, "Ó ti ogun dé ni." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín.

Bàbá ti lọ báyìí. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; mo ti mọ̀ ọ́n, ó kàn jẹ́ pé bàálù kan ṣoṣo tó ṣe ni mo fi kọ́ ọ. Ó wà lórí tábìlì mi. Bí àlejò bá béèrè, èmi náà á ní ó ti ogun dé, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. N kì í sọ fún wọn pé èmi gan-an ni ogun náà.