Gọ́tà Tí Ẹgbẹ́ Fẹ́ Kó

Òjò ń ṣú, gọ́tà ti dí, ẹgbẹ́ ń ṣèpàdé!

Ìpàdé kẹsàn-án rèé lórí gọ́tà kan ṣoṣo. Gọ́tà ọ̀hún kò gùn ju ogún ìgbésẹ̀ lọ, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ ló gbà kọjá, ọ̀rá, ike àti ẹrẹ̀ sì ti dí i pa. Lọ́dún tó kọjá, òjò kan péré ló rọ̀ tí omi fi wọlé, tó ba aṣọ oníbàárà mọ́kànlá jẹ́. Lọ́dún yìí, ogójì yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ló wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Bí omi bá tún wọlé, Télọ̀ dáràn. Ìyẹn ló ṣe sáré wọ Ẹgbẹ́ Àyíká-Tó-Mọ́, tó rò pé wọ́n á bá òun kó gọ́tà.

Ha! Obìnrin ò mọ ohun tó wọ̀.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò lọ wo gọ́tà. Ìgbìmọ̀ lọ wò ó, wọ́n padà wá jábọ̀ pé gọ́tà ni lóòótọ́, ó sì dí. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́: pàà-pàà-pàà! Ìpàdé mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi jà lórí àwọ̀ fìlà tí wọn yóò dé lọ́jọ́ iṣẹ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wọn láṣọ ya.

Ní ìpàdé kẹsàn-án yìí, Télọ̀ dìde. "Alága, ẹ dákun, ìgbà wo gan-an la ó kó o?"

Alága, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ bíi pé wọ́n wà ní kíláàsì rẹ̀, bọ́ awò ojú.

"Télọ̀, fara balẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá, a ó ṣí iṣẹ́ náà."

"Ẹ ó ṣí i ni, àbí ẹ ó ṣe é?"

"A ó kọ́kọ́ ṣí i ná."

Ẹ̀rín ń pa mí!

Sátidé dé. Aago mẹ́wàá lù, kò sẹ́nì kankan. Àárá ń kùn lókè, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Télọ̀ ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ṣán ìró mọ́dìí, ó yá ṣọ́bìrì lọ́wọ́ bíríkìlà, ó kó sí gọ́tà. Gbì! Gbì! Ó ń kó, ó ń làágùn, ó ń ṣépè. Kó tó di aago méjìlá, gọ́tà ti mọ́ tónítóní, ẹrẹ̀ ti di òkìtì lẹ́bàá ọ̀nà. Ó dá ṣọ́bìrì padà, ó jókòó, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

Ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ yọ!

Fìlà tuntun lórí, bánà níwájú, ayàwòrán lẹ́yìn. Ṣọ́bìrì wọn kò ju ẹyọ kan lọ, wọ́n so rìbọ́nì mọ́ ọn lọ́rùn bí ọmọ tó ń ṣe ọjọ́ ìbí.

Alága wo gọ́tà. Ó tún un wò.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà." Télọ̀ ń retí kí wọ́n yìn ín.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Òjò tó ń bọ̀ ni, Alága!"

"O ti ba iṣẹ́ ẹgbẹ́ jẹ́!" Alága nàka sí i lójú. "Oṣù mẹ́ta la fi ṣètò! Kí ni ayàwòrán fẹ́ yà báyìí? Gọ́tà tó mọ́? Ta ni yóò gbà pé a ṣe nǹkan kan?"

Onígbàjámọ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, na ọwọ́ sókè. "Mo dá a lábàá pé ká da ìdọ̀tí yẹn padà, ká wá kó o bó ṣe yẹ."

"Mo kín in lẹ́yìn!" Ẹni mẹ́fà ló pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ti wà, wọn ò tíì fẹnu kò kíákíá bẹ́ẹ̀ rí.

Télọ̀ rò pé àwàdà ni. Àwàdà kẹ̀! Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò, wọ́n ń fọwọ́ da ẹrẹ̀ padà: ṣọ̀pọ̀! ṣọ̀pọ̀! Àwọn tó máa ń ní ẹ̀yìn ń dun àwọn ń sáré kiri. Télọ̀ di ti ọ̀tún mú, ti òsì ń dà. Gọ́tà kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé orí yín pé?"

"Àǹtí Télọ̀, ẹ sún díẹ̀," ni ayàwòrán wí, "ẹ ti wọnú fọ́tò."

Alága gbé ṣọ́bìrì oní-rìbọ́nì, ó wúkọ́. "Ẹ̀yin ará àdúgbò wa, òní jẹ́ ọjọ́—"

Wààààà!

Òjò dé! Gbogbo wọn rọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ gìrìgìrì, omi sì tẹ̀lé wọn wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó bo ẹsẹ̀ máṣíìnì, ó forí lé pẹpẹ ìsàlẹ̀. Télọ̀ fẹ́ kó yunifọ́ọ̀mù sórí tábìlì. Alága ló bá lórí tábìlì.

"Alága, ẹ bọ́ sílẹ̀!"

"Bàtà mi tuntun ni o," ni Alága wí. Ó kọjú sí àwọn tó kù. "Ṣé ẹnikẹ́ni ní àbá?"

Onígbàjámọ̀ ní kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí ibi tí omi ti ń wọlé.

Télọ̀ rọ́ lọ bá Alága. Ó já ṣọ́bìrì gbà tòun ti rìbọ́nì, ó bẹ́ sínú òjò. Gbì! Gbì! Gbì! Bó ṣe fa ìdì ọ̀rá kan báyìí, omi rí ọ̀nà, ó sá lọ: fùùùù! Ó ku ìka kan péré kó kan yunifọ́ọ̀mù.

Télọ̀ wọlé, ẹrẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, eyín nìkan ló funfun lára rẹ̀. Ó ka aṣọ ní méjì méjì. Ogójì pé, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ó bú sẹ́kún ayọ̀.

Alága sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ṣiṣẹ́ ní gọ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì lónìí."

Onígbàjámọ̀ ṣí ìwé, ó ronú díẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, Alága. Ẹ má yọ èyí tá a dà padà kúrò o. Òun gan-an ni gbogbo wa jọ ṣe!"