Ìka Ẹsẹ̀ Badrudeen lórí Fọ́ọ̀mù Yunifásítì

Ní gbogbo àdúgbò wa ní Ìwó, kò sí ọkùnrin tó fẹ́ràn orúkọ ara rẹ̀ tó Badrudeen. Bí ẹ bá kí i pé, "Bàbá, ẹ káàárọ̀," ó lè má dáhùn. Àfi kí ẹ ní, "Odídẹrẹ́ Ìmọ̀! Mọ̀wé-má-lọ-síléèwé! Ọ̀gá Àwọn Tó Mọ Nǹkan!" Ìgbà yẹn ni yóò wá rọra yí ọrùn, bí ẹni tó ra ọrùn lówó gọbọi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Ó ti fi ẹnu pa ẹkùn, ó sì ti fi ẹnu lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mẹta, kò tíì fi ẹsẹ̀ lọ rí. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun débi pé bó bá yọjú láàjìn, àkùkọ á kọ.

Lọ́jọ́ kan, Humairah, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì, wá bá a.

"Bàbá, yunifásítì fẹ́ fún àwa olùkọ́ lówó ká lè bá ará ìlú ṣiṣẹ́ pọ̀. Tèmi ni bí a ṣe lè tọ́jú àgbàdo kí kòkòrò má jẹ ẹ́, láìfi oògùn olóró sí i. Ọdún méjì ni mo ti ń múra iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Wọ́n ní ká mú ará ìlú kan tí yóò ṣojú àwọn àgbẹ̀. Mo fẹ́ fi orúkọ Ìyá àgbà…"

"Orúkọ ta?" Badrudeen nà ró. "Ràhámọ̀tù tó ń ta àgbàdo lọ́jà ni o fẹ́ gbé síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n? Orúkọ mi ni kí o kọ. Kọ ọ́ gàdàgbà."

"Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ka sí ìwé kan, Bàbá."

"Ọgọ́rùn-ún péré? Ìlú Kútà nìkan á fún mi ní igba kí n tó mumi tán."

Humairah kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má fi irọ́ kankan sí i. Bí wọ́n bá rí irọ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ mi parí nìyẹn."

"Èmi? Irọ́?" Badrudeen fọwọ́ bo àyà bí ẹni tí oyin ta.

Kò dé Kútà. Oòrùn ń mú, gìgísẹ̀ ń dùn ún, ọlọ́kadà kò sì kí i dáadáa. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ike ìǹkì ẹgbẹ́ onílé jáde, ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀wé. Ó wò ó, wọ́n jọra jù. Ó ronú títí, ó wá bọ́ bàtà.

Ràhámọ̀tù ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó bá a tó gbẹ́sẹ̀ lé tábìlì.

"Bàbá Shamsu, kí lẹ ń ṣe?"

"Ìwé yunifásítì ni mò ń kọ."

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ níbẹ̀?"

"Ohun tí o ò mọ̀, má dá sí i."

Bó ṣe ń yí ìka ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún ló ń yí i sósì, títí ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀ fi pé. Ìǹkì náà kò jáde mọ́. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi kànìnkànìn ha á, ó fi epo ra á. Gbogbo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò tilẹ̀ kà á sí, nítorí bàtà tó ń bo ìka kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ó ká ìwé náà fún Humairah láìsọ bó ṣe rí i, kò sì pẹ́ tí lẹ́tà dé. Ó ní ìgbìmọ̀ yunifásítì ń bọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè láti wá rí àwọn àgbẹ̀ náà. Ẹ̀rù àgbẹ̀ kò ba Badrudeen. Yóò ní òjò àná ló kó wọn lọ sóko. Bánà tí yóò fi kí wọn káàbọ̀ ló jẹ ẹ́ lógún. Ó ní kí wọ́n gbé ojú òun sí i, kí ó tóbi tó ilẹ̀kùn, kí ó máa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n bí òun sí i, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lè mọ̀ pé àgbà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: BÀBÁ RERE, ÌRÀWỌ̀ TÓ TÀN DÉ KÚTÀ. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Túsìdeè ṣe mọ́, ó gbé e kọ́ iwájú ilé, ó ta kánópì méjì, ó to ọgọ́rùn-ún àga síbẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, bí ẹ bá rí àwòrán arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín lókè kánópì ní Ìwó, kí lẹ máa rò?

Lateef ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ kọjá. Ó ṣí fìlà. "Ìnnàlílláhì! Bàbá Badrudeen náà lọ!" Ó gbé ìròyìn náà dé Ilé-Ogbó, ó gbé e dé Kútà, ó tún fi kún un pé fídáù wọn ni wọ́n fẹ́ ṣe láàárọ̀ yẹn.

Badrudeen wà ní yàrá, ó ń wọ agbádá léèsì rẹ̀. Ó ti pinnu pé òun kò ní jáde àfi tí àwọn àlejò bá jókòó tán. Ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àti ìró àga. Ó yọjú lábẹ́ kọ́tìnnì, kò sí àga tó ṣófo! Inú rẹ̀ dùn. "Orúkọ mi nìkan ló kó gbogbo èyí jọ," ló sọ fún dígí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọládé, obìnrin tó ṣíwájú ìgbìmọ̀, sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó bá Áfáà Hussain lórí àdúà.

"Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n," Áfáà ń ké. "Kí Ó forí irọ́ wọn jì wọ́n. Irọ́ ẹkùn tí wọ́n pa, irọ́ Mẹ́kà…"

"Àmín!" Àmín náà mi páànù ilé. Badrudeen rò pé ìpàtẹ́wọ́ ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó ti Ògúntóyè, àgbẹ̀ Kútà. "Ẹ kú àfẹ́kù o. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo ni bàbá yìí bá yín ṣe?"

"Iṣẹ́ kẹ̀? Wọn ò dé oko wa rí."

"Ẹ̀yin lẹ ṣáà tẹ̀ka síbí?"

Ògúntóyè gba ìwé, ó sún un mọ́ ojú. "Èmi kọ́ o. Ìka yìí sanra. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni mo rí yìí."

Ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ Humairah dé. Ó rí bánà, ó rí áfáà, ó figbe ta. "Yéè! Bàbá mi o!"

Igbe yẹn wọ Badrudeen lára. Ó gbàgbé bàtà, ó gbàgbé fìlà, ó sáré jáde. "Humairah! Mi ò kú!"

"Òkú o!" Áfáà Hussain fò lórí àga méjì. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, kánópì kan sì tẹ̀lé wọn. Ògúntóyè nìkan ni kò sá. Ẹsẹ̀ Badrudeen ló ń wò.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó. Gbogbo àwa àgbẹ̀ Kútà rèé, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì."

Àwọn tó sá padà wá rẹ́rìn-ín. Humairah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá," ó rọra sọ ọ́, "ẹ ti pa iṣẹ́ mi."

Badrudeen dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìgbìmọ̀, tòun ti agbádá. "Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo parọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fa ìwé náà ya. "Ìwé yìí ló kú. Fídáù rẹ̀ la wá ṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ ni a ó tó ti ilẹ̀kùn ìwé gbígbà. Nínú yín, ta ló mọ àgbàdo tọ́jú ní tòótọ́?"

Gbogbo ọwọ́ nà sí Ràhámọ̀tù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà sáré dé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a kẹ́dùn.

"Ewé dóńgóyárò gbígbẹ àti eérú ni mo máa ń fi sí i," ó ní, ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Bàbá Shamsu ò bi mí rí."

Wọ́n tẹ́ ìwé tuntun, wọ́n kọ orúkọ Ràhámọ̀tù sókè, àgbẹ̀ sì tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka tirẹ̀. Ta ló gbé ike ìǹkì dúró nínú oòrùn títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tán? Odídẹrẹ́ Ìmọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ka ni wọ́n ń kí i: "Bàbá, ẹ kú àjíǹde o."

Humairah gba owó náà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà ní Ilé-Ogbó tí wọ́n gbọ́ ikú, tí wọn ò tíì gbọ́ àjíǹde. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan pàdé mi lọ́jà níbẹ̀, ó ju agbọ̀n sílẹ̀, ó sá lọ.

Ẹ̀ẹ́ wá bi mí pé kí ló lé e. Ó dára, ẹ má wo ẹsẹ̀ mi. Ìǹkì náà ò tíì jáde.