Àfiwé Táyé Tí Kò Kan Kẹ́hìndé

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ wa ní Igbó-Ọrà lánàá, tó mú kí àwọn ìjòyè gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Làtíífàt, ìyá ìbejì, tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe gàrí tà, ló pe Tíṣà Akínladé, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́jọ́.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Tíṣà yìí ti da ilé mi rú."

"Kí ló ṣe?"

"Ó ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní àfiwé, èyí tí wọ́n ń pè ní símílì. Ó ní Táyé ń sáré bí àgbọ̀nrín. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Kò wá fi Kẹ́hìndé wé nǹkan kan! Láti ọjọ́ náà, Kẹ́hìndé ní òun ò lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Ọ̀la sì ni ìdánwò àṣejáde."

Àwọn ìjòyè mí kanlẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ní ìlú wa pé ohun tí a bá rà fún Táyé, a ó rà á fún Kẹ́hìndé?

"Tíṣà, kí lo rí wí?"

"Baálẹ̀, ẹ̀rí ọkàn mi ni kò jẹ́. Òfin Ọlọ́run ní ká má jẹ́rìí èké. Kẹ́hìndé kì í sáré. Bí aago bá lù, àwọn yòókù á ti jókòó, òun á ṣì máa kí gáàdì ní géètì."

"Ẹ ò lè ní ó ń rìn bí ọba?"

"Màmá Ìbejì, mi ò tíì rí ọba tó ń pẹ́ dé kíláàsì."

Ọ̀tún bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ wò ó, ni Ọ̀tún bá gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì.

Wọ́n pe Keturah, ọmọ kíláàsì wọn, wá jẹ́rìí.

"Kì í ṣe àgbọ̀nrín, sà. Ẹṣin ni tíṣà fi Táyé wé."

"Irọ́!" ni Àkíbù, gáàdì ilé ẹ̀kọ́ náà, wí. "Mo wà lẹ́yìn fèrèsé. Ó ní ó ń sáré bí ọ̀kadà Lánlátẹ̀."

"Ẹ gbọ́ o!" Làtíífàt ká ọwọ́ lérí. "Àgbọ̀nrín, ẹṣin, ọ̀kadà! Táyé nìkan ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Kẹ́hìndé ò ní ẹyọ kan!"

"Ó yá, tíṣà," ni Baálẹ̀ wí, "fi Kẹ́hìndé wé nǹkan báyìí."

Tíṣà wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kẹ́hìndé dàbí... ó dàbí... ó dàbí Táyé."

Ni Kẹ́hìndé bá bú sẹ́kún.

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Baba, láti kíláàsì àkọ́kọ́ ni tíṣà ti ń kọ́ wa. Títí di òní, bí kì í bá ṣe pé mo pẹ́ dé, Táyé ló ń pè mí."

Nígbà tí Baálẹ̀ dìde, ọkàn èmi tí mo wà láàárín èrò lọ sọ́dọ̀ ọba Sólómọ́nì. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ kò béèrè idà. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́ ló béèrè, ó sì gbé e lé tíṣà lọ́wọ́.

"Ẹni tí èèyàn ò mọ̀, kò lè fi í wé ohunkóhun. Kẹ́hìndé, o máa ṣe ìdánwò lọ́la. Tíṣà ni yóò fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé ọ lọ. Lójoojúmọ́, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, yóò máa bá ìyá rẹ bó ẹ̀gẹ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́, tí yóò sì rí àfiwé tó tọ́ sí ọ. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò sọ pé ó tó."

Kẹ́hìndé lọ ṣe ìdánwò láàárọ̀ yìí. Nírọ̀lẹ́, mo gba iwájú ilé Làtíífàt kọjá. Tíṣà jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, èèpo ti kún ṣòkòtò rẹ̀.

"Kẹ́hìndé," ó wí, "sùúrù rẹ dàbí ti Jóòbù."

Kẹ́hìndé ronú díẹ̀.

"Ó dùn, sà. Ẹ ṣì máa bó o lọ ná."